Epo Tí Kò Léfòó

3.

…ó sì tún léfòó. Fádèyí po ògì náà títí ọwọ́ fi ń ro ó. Kò pẹ́ ni epo pupa tún gun òkè, bí ẹni tí wọ́n lé jáde nínú ilé.

EPO
———
ÒGÌ

Ìfẹ́olúwa, ọmọ ọmọ rẹ̀, tu ú dànù.

4.

Jọ́ọ̀sì, 1993. Ìwé tí Tiwaladé, ìyá ọmọ náà, fi rán awakọ̀ sí Fádèyí, bàbá rẹ̀:

"Bàbá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Tí Ìfẹ́olúwa bá ti ń ríran lálẹ́, mo máa wá mú un. Iléèwé ti gbà á."

5.

Nọ́ọ̀sì ní Lálúpọn sọ pé: ẹ̀fọ́, ẹ̀dọ̀, epo pupa. Òògùn ojú ti tán lọ́wọ́ wọn. Ọmọ kò jẹ ẹ̀fọ́, kò jẹ ẹ̀dọ̀.

Tílẹ̀ bá ti ń ṣú, ó máa ń fọwọ́ tọ ògiri dé yàrá.

6.

Nimotallahi, tí Fádèyí kọ́ níléèwé rí, tó ń ṣe ìwádìí oúnjẹ n'Íbàdàn báyìí, gbé sítáàṣì wá nínú ọ̀rá.

NIMOTALLAHI: Ẹ̀gẹ́ náà ni, sà. A kàn fún un ní ọwọ́ kejì ni.

FÁDÈYÍ: Ọwọ́ kejì kẹ̀?

NIMOTALLAHI: Omi nìkan ni sítáàṣì lásán mọ̀ ọ́n dì mú. Èyí á di omi mú, á tún di epo mú.

FÁDÈYÍ: Alárenà nìyẹn!

NIMOTALLAHI: Èyí kì í yẹ̀bá o, sà. Tó bá lọ, wọ́n á tú ká.

7.

Ògì lílọ́wọ́ọ́wọ́. Sítáàṣì. Fi ìjábẹ̀ lù ú. Kán epo sí i díẹ̀díẹ̀. Má dà á.

ògìepoògìepoògì

Kò gun òkè mọ́. Inú Fádèyí dùn débi pé ó yíjú láti fi han Dorothy, ìyàwó rẹ̀.

Àga nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ti di ọdún kejì tí Dorothy kú.

8.

FÁDÈYÍ: Ṣé ó dùn?

ÌFẸ́OLÚWA: Ó ń rùn, Bàbá àgbà.

Fádèyí bá dín epo náà kó tó lò ó, títí ó fi funfun, tí òórùn rẹ̀ lọ. Ọmọ mu ún, ó tún lá ife. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ó ṣì ń tọ ògiri.

9.

NIMOTALLAHI: Ẹ dín in kẹ̀, sà? Pípọ́n yẹn gan-an loúnjẹ ojú!

FÁDÈYÍ: Èmi ni mo fi iná lé e lọ.

NIMOTALLAHI: Ẹ má dín in mọ́. Ẹ fún ọsàn sí i, kò ní gbọ́ òórùn.

10.

Fádèyí mọ̀ pé tí òun bá ń dín epo lọ, Tiwaladé ò ní wá mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òun.

11.

Ó bu èyí tó pọ́n.

12.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Wọ́n jókòó síwájú ilé. Bọ́ọ̀sì já èrò sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó lọ. Ilẹ̀ ti ṣú.

ÌFẸ́OLÚWA: Bàbá àgbà, ẹnì kan ń bọ̀. Obìnrin ni. Ó gbé báàgì.

FÁDÈYÍ: Níbo?

ÌFẸ́OLÚWA: Ọ̀hún! Ẹ jẹ́ n lọ wò ó.

Ó sáré bọ́ sínú òkùnkùn.

13.

Fádèyí ò tíì rí ẹnikẹ́ni.