Ọwọ́ Tí Yéwándé Dì Mú

Ní ọjọ́ Fálẹ́ńtáìnì tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Ìpáò-Èkìtì ṣètò eré ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tọkọtaya. Wọ́n ní kí kálukú wọ pupa. Yéwándé kò ní pupa kankan ju gèlè kan tó ti ń ṣá lọ, ó wé e bẹ́ẹ̀. Dàda ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, ní ojú ń ti òun láti wọ pupa, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé e lọ.

Eré náà dùn. Àwọn ọkọ kan kọrin fún ìyàwó wọn, àwọn mìíràn jó títí òógùn fi bò wọ́n. Nígbà tó yá, Àánúolúwa, ọmọ yunifásítì Ọyẹ́ tó ń darí eré, pe Yéwándé síwájú. Ó fi aṣọ dì í lójú, ó to ọkùnrin mélòó kan síwájú rẹ̀, ó ní kó fọwọ́ ba ọwọ́ wọn, kó sì mú ti ọkọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

Yéwándé rò pé nǹkan kékeré ni. Ó fọwọ́ ba ti ẹni àkọ́kọ́, ó le koko. Ti èkejì náà le. Iṣẹ́ agbára ni gbogbo wọn ń ṣe. Ó padà sẹ́yìn, ó tún fọwọ́ bà wọ́n, kò dá a lójú. Níkẹyìn ó di ọ̀kan mú, ó gbé e sókè.

Ẹ̀rín sọ. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, Akínkúnmi bíríkìlà ló dì mú. Dàda wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bíi tàwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Yéwándé ń rò ó. Bí Dàda bá wúkọ́ láàárín èrò, òun á mọ̀. Bó bá ń ti oko bọ̀, òun á ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Báwo wá ni òun kò ṣe mọ ọwọ́ rẹ̀? Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé ariwo ló da òun láàmú.

Dàda dúró.

“Kì í ṣe ariwo, Ìyá Tóyọ̀sí. Ìgbà wo ni mo fà ọ́ lọ́wọ́ rí? Bí mo bá fẹ́ fún ọ ní nǹkan, orí àga ni mo máa ń gbé e sí.”

Yéwándé rántí àwọn òbí rẹ̀. Bàbá tirẹ̀ náà kò di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lójú ẹnikẹ́ni rí. Iṣu tó ta dáadáa àti òrùlé tí kò jò ni wọ́n fi ń mọ ìfẹ́ nílé wọn.

Dàda na ọwọ́ sí i. Yéwándé gbà á, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó kan àpá kan lábẹ́ àtàǹpàkò, ó bèèrè ohun tó ṣe é. Dàda ní àdá ló ṣá òun lọ́dún tí àwọn gbin kòkó etí odò, òun kò sọ kí ẹ̀rù má baà bà á.

“Kí lẹ tún fi pa mọ́ fún mi?” ni Yéwándé bi í.

Dàda rẹ́rìn-ín. “Jẹ́ ká re ulé,” ló wí.

Iná ọ̀kadà kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Yéwándé fẹ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, Dàda dì í mú ṣinṣin. Ẹni tó gun ún kí wọn, Dàda dáhùn, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ.

Títí di òní ni wọ́n ń fi Akínkúnmi dá àpárá fún Yéwándé ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà a sì máa rẹ́rìn-ín. Lówùúrọ̀, kí Dàda tó gbọ̀nà oko, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí ìyàwó rẹ̀ á fi nu ọwọ́ tó tutù gbẹ, tí á wá di ọwọ́ rẹ̀ mú.