Irin Orí Katakata Ọláníyan

Níbi ìsìnkú ni Yẹ́misí ti gba kọ́kọ́rọ́ katakata lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. A kò tíì kúrò létí sàréè, àwọn tó ń bo òkú ṣì ń da erùpẹ̀, nígbà tó na ọwọ́ sí Ọláníyan. Ọláníyan rò pé ó fẹ́ gba áńkáṣíìfù láti fi nu ojú. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, kọ́kọ́rọ́ àti áńkáṣíìfù sì jọ jáde pọ̀. Yẹ́misí mú kọ́kọ́rọ́, ó fi áńkáṣíìfù sílẹ̀ fún un. Ó ki kọ́kọ́rọ́ náà sínú kọ́mú, ó sì ń sunkún rẹ̀ lọ.

Awakọ̀ katakata ni ẹni tí a lọ sin, ọ̀rẹ́ Ọláníyan. Àwọn méjèèjì ló ń tu ilẹ̀ fún àwọn tó ń gbin pákí láti Ayọ̀bọ̀ títí dé ẹ̀bá odò, nígbà tí ilẹ̀ tí èèyàn lè pè ní oko ṣì kù níbẹ̀. Ẹnìkan ló bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí pé kó bá òun fa ọkọ̀ akóyanrìn tó rì sínú ẹrẹ̀. Ó so ṣéènì mọ́ ẹ̀yìn katakata, ó sì tẹ iná mọ́ ọn. Táyà ẹ̀yìn kọ̀, kò yí. Iwájú katakata bá gbéra nílẹ̀ bí ẹṣin tó fẹ́ da ẹni tó gùn ún nù, ó ré sẹ́yìn, ó sì bo ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ní àwọn ò tíì la ẹnu tán láti pariwo tó fi parí. Katakata àtijọ́ ni, bíi ti Ọláníyan gẹ́lẹ́: ìjókòó irin kan, sítíárì kan, lẹ́yìn ìyẹn, ojú ọ̀run ló kù. Kò sí nǹkan kan lórí awakọ̀.

Ògiri kan ló wà láàrin ilé mi àti tiwọn. Mo fẹ́, mi ò fẹ́, gbogbo ohun tí tọkọtaya náà bá sọ ló ń bá mi lórí ìjókòó mi.

“Yẹ́misí, mú kọ́kọ́rọ́ wá. Òjò ti rọ̀, àwọn èèyàn ń dúró dè mí.”

“Tí ìdúró bá ti sú wọn, kí wọ́n jókòó.”

“Oúnjẹ ẹnu wa lò ń fi ṣeré yẹn o.”

“Bàbá Ṣeun, ẹ lọ fi ẹnu òkú jẹun kí n wò yín.”

Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn títí Yẹ́misí fi la ohun tó fẹ́ mọ́lẹ̀. Òun ò ní kó má wa katakata mọ́. Irin lòun ń fẹ́ lórí rẹ̀, irin tó jẹ́ pé bí katakata bá dojú dé, òun ni yóò kọ́kọ́ gúnlẹ̀, kì í ṣe àyà ọkọ òun. Ó ti rí i nínú fóònù Ṣeunfúnmi ọmọ wọn: katakata òyìnbó kan yí gbirigbiri lórí òkè, awakọ̀ rẹ̀ jáde, ó gbọn ẹ̀wù, ó ń wá fìlà.

Nígbà tí Ọláníyan gbà, wọ́n gbé katakata lọ sọ́dọ̀ Jàfárù, jórinjórin kan ní Egan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, géètì ló sì ń ṣe. Nígbà yẹn, láti Egan wọ Igando, onílé tuntun tí kò bá ra géètì lọ́wọ́ Jàfárù, a jẹ́ pé kò tíì rí owó ra géètì ni. Ó yí katakata po, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a bí ẹni gbá màlúù ní ìdí.

“Bàbá, èyí ò le rárá. Irin mẹ́rin, ká fi páànù bò ó lórí. Oòrùn ò ní pa yín, òjò ò ní pa yín.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ òjò níbí?” Yẹ́misí bi í.

“Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wallahi, ẹ máa gbádùn ẹ̀.”

Nígbà tí katakata padà wọ Ayọ̀bọ̀, gbogbo ojúlé ló jáde. Páìpù géètì ni Jàfárù fi ṣe é, ó jó o mọ́ mọ́gáàdì táyà ẹ̀yìn, ó fi irin ṣe òdòdó sí i lára, ó kùn ún ní dúdú, ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tọ́ òdòdó náà. Ọláníyan jókòó lábẹ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó ń juwọ́ bí ọba.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi ya fọ́tò!” ló pariwo sí mi.

Yẹ́misí rẹ́rìn-ín. Mi ò rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi àyà láti yọ kọ́kọ́rọ́ kejì, àfirọ́pò tó ti gbà mọ́ tàkọ́kọ́ kí ọkọ rẹ̀ má baà wà á lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tó dúró, tó wojú ọ̀nà. Lórí ilẹ̀ tó kọjú sí tiwa, katapílà kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Charles lorúkọ ẹni tó ń wà á, àwa ládùúgbò la sì ń fún un lómi mu.

“Bọ̀ọ̀dá Charles, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọwọ́ katapílà yín tẹ irin yìí wò.”

“Madam, kí n tẹ̀ ẹ́ báwo?”

“Bí ìgbà tó jẹ́ ọkọ yín ló wà lábẹ́ ẹ̀.”

“Èmi ò lọ́kọ o!” ni Charles wí, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ọláníyan sọ̀kalẹ̀, ó ń bú ìyàwó rẹ̀ pé aláìgbàgbọ́ ni. Charles na ọwọ́ katapílà, ó gbé e lé orí irin náà jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí.

Irin náà ká. Kò tilẹ̀ bá a jìjàkadì. Páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mọ́gáàdì fàya bíi bébà, òrùlé pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ sì wá jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí ìjókòó tí Ọláníyan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀. Eteetí páànù kan gé rọ́bà sítíárì dé inú irin.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹlòmíràn. Charles pa ẹ́ńjìnnì. Ọláníyan rìn lọ síbẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ibi tí páànù dé lára ìjókòó, ó gbé ọwọ́ kan náà padà sí àyà ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì béèrè kọ́kọ́rọ́ mọ́.

Jàfárù tí wọ́n ránṣẹ́ pè dé, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ó jókòó ti táyà. “Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe,” ló ń sọ. “Subhanallah. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo ṣe.”

Kò sẹ́ni tó bú u. Yẹ́misí bu omi fún un, ó ní, “Ẹ tún un ṣe.”

Èyí tó ṣe lẹ́ẹ̀kejì, kò lẹ́wà rárá. Ó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tú tírélà tó ti bàjẹ́, ó wá irin abẹ́ rẹ̀ rà, irin tí ọkùnrin kan ò lè dá gbé. Kò jó o mọ́ mọ́gáàdì mọ́. Òun àti Charles jọ rí i pé páànù lásán ni mọ́gáàdì. Ara irin ńlá tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì ló ti fi bóòtù tó tó àtàǹpàkò dì í mú. Ọ̀pá mẹ́rin, irin ìdábùú lókè, ó parí. Charles tún fi katapílà tẹ̀ ẹ́, ó sì tì í láti ẹ̀gbẹ́. Táyà katakata wọ́ lórí ilẹ̀ títí ó fi fa ojú ọ̀nà méjì síbẹ̀. Irin ò mì. Ìgbà yẹn ni Jàfárù mú bẹ́líìtì jáde, èyí tó yọ lára ọkọ̀ àlòkù, ó sì dè é mọ́ ìjókòó.

“Kí nìyẹn?” Ọláníyan bi í. “Ẹ fẹ́ so mí mọ́ ọn bí àgbò iléyá?”

“Bàbá, inú irin yìí nìkan ló ti lè gbà yín. Tí katakata bá ń ṣubú tẹ́ ẹ fò jáde, irin yìí gan-an ló máa já lù yín.”

Láti ìgbà náà, Yẹ́misí á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata láràárọ̀. Ó dìgbà tó bá gbọ́ tí bẹ́líìtì dún kó tó na kọ́kọ́rọ́ sókè. Bí mo bá ń gbọ́ ìró katakata náà tó ń jìnnà lọ lójú ọ̀nà pupa yẹn, tí mo sì ń gbọ́ òórùn epo dísẹ́ẹ̀lì àti ti ilẹ̀ tútù, ọkàn mi á balẹ̀ fún wọn. Níbi tí mo kó lọ lẹ́yìn Ayọ̀bọ̀, mi ò tún gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n Ayọ̀bọ̀ ni à ń sọ. Irin tó bá ti tẹ́jú lókè níbẹ̀, ẹnìkan á ti máa wo ohun tó máa dì sí i. Èyí ní kó bá òun fi ìdì igi lé e, tọ̀hún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ò wúwo. Ọláníyan kọ̀ fún gbogbo wọn. “Orí mi kọ́ ni àjà yín,” ló máa ń dá wọn lóhùn.

Nígbà tó yá, wọ́n ta ilẹ̀ tí Yẹ́misí gbin pákí sí. Onílẹ̀ tuntun ní kí ó kó ohun ọ̀gbìn rẹ̀ kúrò kí katapílà tó wọlé. Gbogbo wa lọ bá a wú u. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ṣèlérí pé òun ń bọ̀ kò wá, òjò sì ti ṣú. Yẹ́misí wo àpò pákí tó tò gègèrè nílẹ̀, ó wo òkè, ó wo katakata.

“Ẹ kó o sórí irin.”

“Ìyá Ṣeun, mi ò kì í gbé ẹrù sórí eléyìí,” Ọláníyan wí.

“Àwọn ará ìta lẹ̀ ń kọ̀ fún. Èmi tí mo ni irin ńkọ́? Irin tí katapílà ò lè tẹ̀, ṣé pákí ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni, jàre?”

A kó o. Èmi pàápàá fa okùn rẹ̀ le. Kò sẹ́ni nínú wa tó rò ó pé irin lè má tẹ̀, kí ẹrù tó ga tó bẹ́ẹ̀ sì fa odidi katakata lulẹ̀. Ọláníyan de bẹ́líìtì, torí pé ó ti mọ́ ọn lára, ó sì gbéra. Létí ilẹ̀ náà, wọ́n ti da erùpẹ̀ ìpìlẹ̀ jọ. Táyà ọ̀tún gun erùpẹ̀ náà, kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn àpò òkè fì sí òsì. Mo rí táyà ọ̀tún nínú afẹ́fẹ́, ó ń yí, kò kan ohunkóhun. Katakata rọra ń tẹ̀ lọ, ó rọra débi pé mo rò pé á dúró. Lẹ́yìn náà ló lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dojú dé.

Àpò bẹ́. Pákí ń yí bọ̀ wá bá wa lẹ́sẹ̀.

Mo wo Yẹ́misí. Kò pariwo, kò sáré. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú pákí kan, ó gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀; ó mú òmíràn, ó tò ó tì í. Ó ń tò wọ́n ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé bí ẹni pátẹ ọjà, ó kọ ẹ̀yìn sí katakata. Mo pe orúkọ rẹ̀, kò gbọ́.

Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ohùn kan wá láti abẹ́ rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Mo sáré lọ síbẹ̀. Ọláníyan ń rọ̀ dirodiro nínú bẹ́líìtì bí àdán, orí nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n kuku. Irin tírélà ti wọ ilẹ̀, ọ̀pá kan tẹ̀ díẹ̀, àlàfo tí ọmọdé lè jókòó sí sì wà láàrin orí rẹ̀ àti erùpẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ẹ́ńjìnnì.

“Má mira,” mo ní. “Jẹ́ ká wá èèyàn—”

Ó ti tẹ bọ́tìnì bẹ́líìtì. Ó já lulẹ̀ lórí èjìká, mo sì gbọ́ tí eegun dún. Igbe tí Ọláníyan ké lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí lẹ́nu àgbàlagbà.

Igbe yẹn ló dé etí Yẹ́misí. Ó yíjú padà, pákí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi àyà wọ́ wọ abẹ́ irin náà. “Ta ló ní kẹ́ ẹ tú u?” ló ń pariwo, ó ń gbá a létí, ó ń di orí rẹ̀ mú mọ́ra. “Bàbá Ṣeun, ta ló ní kẹ́ ẹ tú u? Ẹ tún ké! Ẹ tún ké kí n gbọ́!”

Wọ́n di èjìká rẹ̀ ní ọsibítù ní Igando. Kí ó tó sàn, wọ́n ti gbé katakata dìde, Jàfárù sì ti na ọ̀pá tó tẹ̀. Mo bá Yẹ́misí lọ sí Egan láti wò ó. Ó rìn yí irin náà ká, kò fọwọ́ kàn án.

“Jàfárù, irin ṣóńṣó tẹ́ ẹ máa ń tò sórí géètì nítorí olè, ẹ tò ó sórí èyí náà. Kí ó sún mọ́ra. Kí àpò má lè jókòó níbẹ̀.”

Jàfárù rò pé àwàdà ni. “Ìyá, olè wo ló fẹ́ gba orí katakata wọlé?”

“Èmi ni,” Yẹ́misí wí.

Jàfárù wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ tan jẹnẹrétọ̀.