Búrẹ́dì Òkú

"Bàbá, ẹ gbórí sókè! Akọni ni yín!" olùdarí fíìmù pariwo.

Bàbá tí gbogbo ìlú ń pè ní Afẹ́fẹ́ gbórí sókè. Aṣọ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n wọ̀ fún un ń ta sánsán bí ọṣẹ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ayédèrú tí wọ́n kùn sí i nímú ń kán sí i lẹ́nu, ó dùn bí oyin. Ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n sọ di àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun yìí, kò sì sí ìdun kan níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà. Òun ló bẹ̀ ẹ́ kó gbà láti ṣe ìtàn ara rẹ̀ nínú fíìmù. Ó fẹ́ kí ayé mọ̀ pé bàbá òun, tó ti jẹ́ ọmọ ìta tó ń já báàgì gbà, ló di eléré ìje, tó sì ti inú ogun jáde láàyè.

"Níbi tó kàn, bàbá, àwọn ṣọ́jà ń lé yín, ẹ fo wáyà tó yí àgọ́ ká, ẹ sì sá lọ."

"Mi ò fo wáyà kankan. Ẹsẹ̀ mi ò nípọn ju igi ìfọyín lọ nígbà yẹn. Ṣebí mo ti sọ bó ṣe rí fún ẹ?"

"Ìyẹn ti búrẹ́dì? Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Búrẹ́dì wo?" ọmọ rẹ̀ bèèrè.

Bàbá kò tíì sọ ọ́ fún un rí. Ẹ̀rù bà á pé ọmọ náà kò ní lè wo ojú òun mọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ yìí ti sú u.

"O mọ ọlọ́pàá tó lé mi títí tí kò lè mú mi, tó wá kọ́ mi ní eré sísá? Nígbà ogun, àgọ́ kan náà ni àwọn ọ̀tá kó wa sí. Ẹni tó bá dúró nígbà tí wọ́n ń kà wá láàárọ̀ ló ń gba búrẹ́dì. Nígbà tó fẹ́ kú, ó ní, 'Má tètè sọ pé mo kú o. Gbé mi dúró, kó o máa gba tèmi.' Èmi àti ẹnì kan gbé òkú rẹ̀ dúró láàárín wa, a sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀, títí òórùn fi tú àṣírí wa."

Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ bo ẹnu, ó sáré jáde. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń bì.

"Ẹ rí i? Ọmọ yín gan-an," ni olùdarí wí. "Akọni kì í jẹ oúnjẹ òkú."

"Òkú yẹn ni akọni. Ẹ̀yin wá yọ ọ́ kúrò nínú fíìmù bí egungun ẹja."

Ọmọ rẹ̀ wọlé padà, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Bàbá, ṣé ìyàwó ọlọ́pàá yẹn ni ìyá tẹ́ ẹ máa ń lọ bá tún òrùlé ṣe?"

"Òun ni."

"Ṣé ìyá mọ̀?"

"Ohun tó mọ̀ ni pé ibà ló pa ọkọ òun. Mi ò rí ẹnu sọ ọ́."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ ẹlẹ́wọ̀n tó wà lọ́rùn bàbá rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe? A ò tíì parí o!" olùdarí kígbe.

Ọmọ náà tú bọ́tìnnì tó kù. "Ẹ bọ́ ọ, bàbá mi, ká máa lọ. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún ìyá. Èmi á di ọwọ́ wọn mú."