Lẹ́tà Tí A Yọ Kúrò

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, Mẹ̀dínátù gbé báàgì kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ mọ́tò ní Ìlaròó, ó dorí kọ Ìmẹ̀kọ. Ìyá rẹ̀, tó ń ta ata ní ọjà Ayétòrò, rò pé iṣẹ́ ló ń bá lọ. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó lé e jáde nílé ju iṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́fà gbáko ni kò tíì fojú kan Ọ̀jẹ̀túndé, àárò ọkùnrin náà sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n pínyà.

Kì í ṣe àárò olólùfẹ́. Ọ̀jẹ̀túndé ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni Ọ̀jẹ̀túndé. Kétu ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, lódìkejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Nígbà tó wà ní póólì ní Ìlaròó, fóònù tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò wọ́pọ̀. Bí èèyàn bá kọ "oko" ránṣẹ́, ẹni tó ń kà á á máa rò ó bóyá ọkọ ni, tàbí ọkọ̀, tàbí oko tí a ń dá. Ọdún méjì ni Ọ̀jẹ̀túndé fi jókòó ti kíbọ́ọ̀dù kan tí èèyàn lè gbé sórí fóònù. Ó sọ ọ́ ní Ẹnubodè, nítorí pé ó ń kọ Yorùbá tẹ̀gbẹ́ méjèèjì: tiwa tó ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, àti ti àwọn ará Kétu tí wọ́n ń kọ "ɔmɔ" níbi tí àwa ti ń kọ "ọmọ".

Nígbà tó parí rẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tinú tẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ kó mú un, kó tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. "Èdè kì í ṣe ilẹ̀ bàbá ẹnì kan," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Àwọn èèyàn wá. Abdulrasaq wá láti Ìbèsè, níbi tó ti ń tún iná tírélà ṣe. Àwọn mìíràn wá láti ìlú òkèèrè tí ẹnikẹ́ni ò rí sójú rí. Mẹ̀dínátù náà wá, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ni nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹnu Ọ̀jẹ̀túndé! Bí o bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ojú gbogbo èèyàn ni yóò ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ta ló kó pàǹtí yìí wá?" Oṣù mẹ́ta ni Abdulrasaq fi ṣe iṣẹ́ kan, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Ọ̀jẹ̀túndé fi dá a lóhùn: "Rárá." Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà lè jókòó ti Mẹ̀dínátù láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nítorí ìlà kan péré, títí ìlà náà yóò fi gún. Tó bá gún tán, kò ní sọ nǹkan kan. Á kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan. Orí tó mì yẹn, ọ̀sẹ̀ kan ni inú Mẹ̀dínátù fi máa ń dùn.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò tó nǹkan lójú ẹni tó bá ń wò ó láti ìta. Fóònù kékeré bíi tàwọn ará ọjà kò lè gbé Ẹnubodè dáadáa. Ó máa ń lọ́ra. Mẹ̀dínátù wá ìdí rẹ̀ títí, ó rí i pé àwọn lẹ́tà Kétu ló ń wúwo jù. Ó yọ wọ́n kúrò. Kíbọ́ọ̀dù náà wá ń yá bí ẹni ń sáré. Ó fi ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Èsì Ọ̀jẹ̀túndé dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ó lé ní igba èèyàn tó rí i: "Ẹni tí kò mọ ohun tó ń gé dànù, kó lọ bá ìyá rẹ̀ ta ata."

Níwájú àtẹ ìyá rẹ̀ gan-an ni Mẹ̀dínátù jókòó sí tó fi ka ọ̀rọ̀ náà.

"Kí ló ṣe ọ́?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Ata ló ta sí mi lójú, Màmá."

Kò pẹ́ tí Abdulrasaq fi pè é. "Mẹ̀dínátù, ó ti tó gẹ́ẹ́. Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí gbogbo ayé máa mú un? Ẹ jẹ́ ká mú un lọ."

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ kọ, wọ́n gbé e sí ibòmíràn. Wọ́n fi orúkọ Ọ̀jẹ̀túndé sílẹ̀ lókè gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ láìsí i níbẹ̀. Kò sí èébú níbẹ̀ mọ́, èèyàn sì ń rọ́ wá. Tíṣà ń fi Ẹnubodè wọn kọ ìdánwò, nọ́ọ̀sì ń fi kọ ìlànà oògùn fáwọn ìyá ọlọ́mọ, àwọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè ń fi kọ̀wé sílé. Lọ́dọ̀ Ọ̀jẹ̀túndé, òun nìkan ló kù. Lọ́dún kìíní, ó ṣì ń kọ nǹkan lójoojúmọ́. Lọ́dún kejì, ó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa.

Mẹ̀dínátù di aṣáájú iṣẹ́ náà. Ohunkóhun tó bá ṣe, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ó dára gan-an." Òun mọ èyí tí kò dára níbẹ̀. Kò kàn sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un ni. Nígbà mìíràn á lọ ṣí àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí Ọ̀jẹ̀túndé kọ, á máa kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ibi tó ti bú u.

Ibi tó wà nìyẹn nígbà tí ìwé dé láti ọwọ́ tíṣà kan ní Kétu, Lábísí lorúkọ rẹ̀. Ó ní kíbọ́ọ̀dù ti àtijọ́ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òun ń lò kò ṣí mọ́ lórí fóònù tuntun. Ó ní òun kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, ẹni náà sì ní kí òun lọ bi àwọn tó yọ lẹ́tà wọn kúrò.

Mẹ̀dínátù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì ló wọ mọ́tò.

Wọ́n kọjá Igbógílà, wọ́n kọjá Ayétòrò, eruku pupa bo gíláàsì. Ọ̀kadà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ìyá Ọ̀jẹ̀túndé ki í káàbọ̀, ó fún un lómi, ó sì nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé: "Ó wà lóko kajú."

Irùngbọ̀n Ọ̀jẹ̀túndé ti ń funfun. Ó gbójú sókè, ó rí i, kò kí i.

"Ṣé ẹ ti yanjú ibi tí àmì ti máa ń fò kúrò lórí 'n'?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mẹ̀dínátù, ẹkún náà sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. A ti yanjú rẹ̀."

"Ẹ ò yanjú ẹ̀. Mo wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bíbò lẹ bò ó mọ́lẹ̀."

Àṣé ó ṣì ń wo iṣẹ́ wọn! Mẹ̀dínátù yọ ìwé Lábísí, ó kà á fún un. Ọ̀jẹ̀túndé fi ẹ̀yìn ti igi kajú.

"Ìyá mi ò kàwé," ó ní. "Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Kétu ló kàwé. Ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, èmi á sì kà á fún Màmá láràárọ̀. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí o yọ lẹ́tà wọn, bí ẹni pé o tilẹ̀kùn bọ́dà mọ́ ìyá mi lójú ló ṣe rí lára mi."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, Ẹ̀gbọ́n. Ìyá tèmi lẹ bú."

Ọ̀jẹ̀túndé ń fi ọwọ́ fọ́ ewé gbígbẹ kan.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ọ̀rọ̀ yẹn kò yẹ ìyá rẹ. Mo ti kọ ọ́ tán kí n tó rò ó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò dá lẹ́tà náà padà fúnra yín? Gbangba niṣẹ́ náà wà. Kò sẹ́ni tó lè lé yín."

"Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi wọlé."

"Ẹ padà wá."

Ó mi orí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe máa ń mì ín látijọ́. "Tí mo bá padà, oṣù méjì kò ní pé tí màá fi lé gbogbo yín lọ. Iṣẹ́ náà ń dàgbà torí pé mi ò sí níbẹ̀. Kò dùn mọ́ mi, Mẹ̀dínátù, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn."

Mẹ̀dínátù ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan, ó ní, "Ẹ wá bá mi wò ó, ó kéré tán."

Ọ̀jẹ̀túndé sún mọ́ ọn. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi kajú náà títí oòrùn fi wọ́ sí ìwọ̀ oòrùn. Ó fi hàn án bí lẹ́tà Kétu ṣe lè dúró sẹ́yìn láìwúwo, títí ẹni tó nílò rẹ̀ yóò fi pè é jáde. "Rárá" tó sọ fún Mẹ̀dínátù lọ́jọ́ náà lé ní mẹ́wàá. Ó pè é ní olórí kunkun lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ̀dínátù kò rántí ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Mẹ̀dínátù fẹ́ kọ orúkọ Ọ̀jẹ̀túndé mọ́ iṣẹ́ náà, ọkùnrin náà fi ọwọ́ dí i. "Orúkọ tìẹ ni kó o fi síbẹ̀."

Lọ́sẹ̀ kejì, lẹ́tà náà jáde. Lábísí kọ̀wé pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ti kọ orúkọ ìyá wọn bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Abdulrasaq pe Mẹ̀dínátù lórí fóònù, ó ní ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yẹn. Ó sọ fún un.

Abdulrasaq ní, "Ṣé ara Ẹ̀gbọ́n le?"

"Ó le."

"Ó tún bú ọ?"

"Ó bú mi dáadáa."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Látìgbà náà, Mẹ̀dínátù máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí Ìmẹ̀kọ kó tó jẹ́ kí ayé rí i. Ó ti fi tó mẹ́sàn-án ránṣẹ́ báyìí. Ọ̀jẹ̀túndé dá ẹyọ kan lóhùn. Àwọn yòókù, kò sí ìró. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ò fẹ́ lọ mọ́. Mẹ̀dínátù ní bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, òun á tún lọ.