Lábárè Tí Mo Ń Gbé Lọ sí Malete

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó gbẹ̀yìn nínú oṣù ààwẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọ́fíìsì wa ní Challenge, mo sì rò pé àwàdà ni. Mo ní ebi ló ń pa ọmọ yìí. Abdulganiyu, máníjà wa, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó dúró níwájú gbogbo àwa éjẹ́ǹtì tó ń ta káàdì ìlera, ó ní láti oṣù tó ń bọ̀, kọmíṣọ̀n wa ti yí padà. Ó ní olú ilé iṣẹ́ wa ní Èkó ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá ti dáa, Èkó ló máa ń sọ ọ́.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Kì í ṣe àwàdà.

Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì Malete báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, bọ́ọ̀sì kò tíì kún. Kó má kún. Kó má tètè kún, Ọlọ́run Ọba... Tó bá kún, á gbéra. Tó bá gbéra, á dé. Tó bá dé, màá sọ̀ kalẹ̀, màá gba ẹ̀yìn mọ́sálásí wọn kọjá, Màsúdát á ti máa wò mí bọ̀ láti orí ẹní rẹ̀, á ti máa rẹ́rìn-ín —

Kí ni màá sọ fún un?

Màsúdát, káàdì rẹ ti kú. Rárá o. Káàdì kì í kú. Èèyàn ló ń kú. Màsúdát, ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ní... Èwo ni ilé iṣẹ́? Kò mọ ilé iṣẹ́ kankan. Èmi ló mọ̀. "Káàdì Àlàbí" ni gbogbo wọn ń pè é lábúlé náà, àfi bí ẹni pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ni ọsibítù.

Ẹsẹ̀ òsì ni. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a jà, egbò kan sì yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò jinná títí òjò fi dé. Dókítà ti dá ọjọ́ fún un. Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n máa dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n máa gé ibi tó ti rà kúrò, wọ́n máa gún un lábẹ́rẹ́ láràárọ̀ àti lálaalẹ́, bóyá wọ́n á lè gba ẹsẹ̀ náà là. Bóyá. Gbogbo rẹ̀ wà lórí káàdì. Àná sì ni káàdì náà jábọ́, nítorí pé owó oṣù kẹfà kò wọlé. Òun kò mọ̀. Àhmádù ọmọ rẹ̀ kò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó ti máa bẹ ọlọ́kadà tó máa gbé ìyá rẹ̀ dé ẹ̀bá títì.

Ó yẹ kí n ti san án. Èmi ni mo máa ń san án.

Àgbẹ̀ kì í ní owó lọ́wọ́ nígbà òjò. Iṣu tuntun kò tíì jáde, àgbàdo ṣì wà lórí ìdúró, ohun tó ṣẹ́ kù nínú àká ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá ti gbé abúlé rí mọ èyí. Ilé iṣẹ́ kò gbé abúlé rí. Oṣooṣù ni tiwọn, oṣooṣù, bí ìgbà tí ilé ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Àwa tí a ń wọ oko wá dá ọgbọ́n tiwa. Kọmíṣọ̀n tí mo bá gbà lórí àwọn ará ìlú, òun ni mo fi ń san owó àwọn tí òjò ká mọ́lé. Nígbà tí wọ́n bá kórè, wọ́n á dá a padà fún mi, owó ni o, iṣu ni o, nígbà mìíràn àgbébọ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó jà sí i rí. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó jẹ mí ní gbèsè kọjá ìkórè.

Kí wá ni Èkó ṣe? Ẹni tuntun tí o bá mú wá, kọmíṣọ̀n rẹ̀ lé sókè, ogún náírà nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ti wà lórí káàdì tẹ́lẹ̀, tó ń sanwó rẹ̀ lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a ń gbà lórí rẹ̀ di náírà kan. Kan. Mo ní kí Abdulganiyu tún un sọ. Ó tún un sọ.

"Bàbá, kí lẹ wá ń fajú ro sí? Ẹ lọ sí Tanke. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà. Ara wọn dá ṣáṣá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ti kó ogójì wọlé."

Ó rẹ́rìn-ín. Kí ló pa á lẹ́rìn-ín?

Danjuma lọ sí Tanke. Ọ̀rẹ́ mi ni Danjuma, a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni, ó kàn kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó ti ra bàtà tuntun. Ó rí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá níwájú ọ́fíìsì, ó pariwo títí àwọn tó ń ta búrẹ́dì fi yíjú wò wá: "Bàbá Àlàbí! Ẹ̀yin àti àwọn arúgbó yín! Ṣé ẹ fẹ́ sin gbogbo wọn tán kẹ́ ẹ tó fi wọ́n sílẹ̀ ni?" Mo ní kó máa lọ jàre. Mo ní ara èmi náà dá ṣáṣá. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́, orí kunkun yín ló dá ṣáṣá."

Ó dáa náà. Olórí kunkun ni mí. Tí n kò bá jẹ́ olórí kunkun, ṣé màá mọ ìwé kà? Mo ti sún mọ́ àádọ́ta ọdún kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ A. Ara páálí ọṣẹ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ara ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di kúlíkúlí. Ẹni tó bá kọ́ ìwé báyẹn kì í fo ọ̀rọ̀ kan. Mo ti ka ẹ̀yìn káàdì yẹn ní àìmọye ìgbà, bóyá màá rí ibi tí Màsúdát lè gbà padà wọlé. Kò sí. Ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lè wọlé bí ẹni tuntun. Tó bá ti já, ó já nìyẹn.

Hàlímọ̀tù gbìyànjú. Ìyàwó mi gbìyànjú, irọ́ kò sí níbẹ̀. Ó fún mi lówó oṣù kẹrin, ó fún mi ní ti oṣù kárùn-ún, nínú owó epo ẹ̀pà tó ń tà. Nígbà tí mo tún na ọwọ́ lóṣù yìí, ó gbé garawa rẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀ níwájú mi. Kò sí ohun tó kán sílẹ̀. "Bàbá Kàdíját, ẹ wò ó dáadáa. Owó tí mo fẹ́ fi ra epo mìíràn ti wà lẹ́sẹ̀ Màsúdát. Ṣé èmi náà kí n lọ ṣàìsàn ni, kẹ́ ẹ lè rí mi?"

Mo lọ kí ìrun ọ̀sán. N kò mọ ohun tí mo kà nínú rẹ̀.

Obìnrin kan ti wọlé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó ku èèyàn mẹ́ta.

Màsúdát kò fẹ́ gbà á níbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, Áfà Abdulraheem, lèmọ́mù wọn, bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé tí àwọn bá ń sanwó tí ara wọn sì le, ta ló ń jẹ owó náà. Mo ní ẹni tí ara rẹ̀ kò le ni. Mo ní kí wọ́n fi ṣe sàráà, pé lọ́jọ́ tó bá kan àwọn náà, ẹlòmíràn á ṣe tiwọn. Áfà rò ó, rò ó, ó ní ó dáa. Màsúdát ló bú sẹ́rìn-ín, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù igi kalẹ̀ ni: "Bàbá oníkáàdì, èmi tí mo ń ru igi bí màlúù, ìgbà wo ni tèmi fẹ́ kàn?" Ó ṣì san án. Ọdún mẹ́wàá gbáko, kò fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Owó rẹ̀ ń lọ sí Èkó, oṣooṣù. Ó wá kàn án...

Àwọn ará Èkó yìí kò mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ láti oṣù mẹ́rin nìyẹn, sí Danjuma, sí ìyàwó mi, sí ògiri. Òmùgọ̀ ni wọ́n. Ṣebí bí ènìyàn bá ṣe ń já lórí káàdì ni owó tó ń wọlé fún wọn ń dín kù? Ta ló ń lé oníbàárà rẹ̀ jáde? Wo Hàrúnà ní Pàkátà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ti já. Ìyàwó Àdámù, kíndìnrín, ó ti já. Salimat, tí mo máa ń gbé ìwé oògùn rẹ̀ lọ sílé fún, kò rìn mọ́, ó ti já. Ìdílé ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n ti já. Òmùgọ̀. Wọ́n ń pàdánù gbogbo —

Dúró ná.

Ta ló ṣì wà? Abdulhaleem télọ̀ ṣì wà. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí Challenge, ó ń fò lórí àtẹ̀gùn bí ọmọdé. Ọmọ Àdámù tó ń wakọ̀, tó ní ilé àti káàdì tirẹ̀, ṣì wà, n kò rí i kó wúkọ́ rí. Àwọn tó lè fẹsẹ̀ rìn wá ló ṣì wà. Àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ lọ bá nílé...

Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Kò sí ibi tí wọ́n ti sọ pé kí Màsúdát jáde. Wọ́n kàn ṣe é kó má ṣeé ṣe fún ẹnikẹ́ni láti máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Iye tó ń náni láti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, òun gan-an ni wọ́n gé. Èmi ni mo ń pariwo kọmíṣọ̀n, kọmíṣọ̀n. Kí ni kọmíṣọ̀n mi já mọ́ lójú wọn? Owó abẹ́rẹ́ àràárọ̀ àti alaalẹ́ ni wọ́n ń wò. Wọ́n gba owó rẹ̀ nígbà tó ń ru igi. Nígbà tó jókòó sórí ẹní, wọ́n dá ìrìn mi dúró.

Èkó kì í ṣe òmùgọ̀. Abdulganiyu mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Èmi sì ni mo lọ dúró níwájú lèmọ́mù tí mo fi ohùn ara mi jẹ́rìí fún ilé iṣẹ́ náà.

Awakọ̀ ti gòkè. Ó ku ẹnì kan. N kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu mi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Màsúdát, ẹnu mi náà ló ti máa gbọ́ ọ.

Agboolé mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo mú wọlé. Mẹ́tàlélógún ti já, Màsúdát ló gbẹ̀yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní aláìsàn nílé. Mẹ́jọ ló kù. Ara àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ le.