Kí Èjìká Kan Má Baà Jowú Èkejì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìròyìn náà dé. Kóyèjọ ọ̀rẹ́ mi, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ló mú un wá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ àdúgbò ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn n kò gbọ́ nǹkan kan títí ó fi dúró níwájú mi. Ó ṣí fìlà. Ó ní kí n jókòó. Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "Nọ́ọ̀sì ti sinmi."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìbíyẹmí, ni gbogbo èèyàn ń pè ní Nọ́ọ̀sì, nítorí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí wọ́n fi tọ́jú aláìsàn. Wọ́n ti ọgbà dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Wọn kò dìde mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná wọn. Mo bẹ àwọn tó fẹ́ wẹ òkú pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àárín ìlú Abẹ́òkúta ni ọgbà náà wà, láàárín títì ńlá méjì, lẹ́sẹ̀ àpáta kan. Ààtàn ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì, wọ́n rí i bí ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún dídùn ṣe ń yọ àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ́nu, wọn kò sì fẹ́ kí àgbàlagbà máa sáré lójú títì bí ẹni tí ajá ń lé. Wọ́n lọ tọrọ ààtàn náà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti ìgbà náà, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, a ó péjọ, a ó na apá, a ó na ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà a ó mú ọkọ́. Ríro ilẹ̀ ni eré ìdárayá wa. Ẹnì kan á máa ka iye, ọkọ́ gbogbo wa á máa wọlẹ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi á máa rìn láàárín wa. "Ẹ tẹ̀ láti orúnkún, ẹ má tẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ mí síta bí ọkọ́ bá ṣe ń balẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ là ń tọ́jú ni àbí àwa?" Kóyèjọ á bi wọ́n.

"Èyí tó bá kọ́kọ́ sàn nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Omi pípọn la fi ń parí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kékeré méjì ni olúkúlùkù ń gbé láti ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé tirẹ̀ kí Ẹ̀gbọ́n mi tó yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gbé méjèèjì sórí ògiri kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ títí ojú wọn á fi ṣe déédéé omi inú wọn, wọ́n á wá máa dà láti inú èyí tó pọ̀ sínú èyí tó kéré títí wọn á fi dọ́gba. "Kí èjìká kan má baà jowú èkejì," ni wọ́n máa ń sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ebè mẹ́ta tí Ẹ̀gbọ́n mi kọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, níbi tí wọ́n gbin ewúro sí. Kò sí ẹni tó sọ pé ká má fọwọ́ kàn án. A kàn ń rìn yí i ká ni. Ọ̀wọ̀ là ń pè é. Òjò sì ń rọ̀. Koríko tó orúnkún, ó tó ìbàdí, irúgbìn rẹ̀ fò sórí ebè àwọn yòókù. Àwa méjìlélógún di mẹ́fà. Èmi gan-an wà lára àwọn tí kò lọ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ìyá Tọ́mi, aránṣọ tó jẹ́ ọ̀kan lára wa, wá bá mi nílé.

"Tíṣà, ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ti sanra. Ó hàn pé àga yín ń tọ́jú yín dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá wo ọgbà lọ́la, ní aago mẹ́wàá. Ìwé wọn ní bí àwọn bá bá igbó níbẹ̀, àwọn á gba ilẹ̀ àwọn padà, àwọn á sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí."

"Ẹ ro igbó náà kúrò."

"Ebè Nọ́ọ̀sì? Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ ọkọ́ sí i? Ẹ̀yin ni àbúrò wọn. Ojú yín là ń wò, ẹ ò sì jẹ́ ká rí ojú náà."

Mo ní mo ti gbọ́. Ó mọ̀ pé n kò sọ pé mò ń bọ̀. Ó kí mi pé ó dọ̀la, ó sì lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oorun gbé mi lọ lórí àga.

Mo bá ara mi nínú kíláàsì ilé-ìwé mísọ́n tí Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́ dé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ṣùgbọ́n kò ní òrùlé. Koríko ti hù láàárín àwọn bẹ́ǹṣì, ó ga dé àyà mi. Kò sí afẹ́fẹ́, síbẹ̀ koríko náà ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó ń sùn. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kò ti òkè wá. Inú ilẹ̀ ló ti ń jáde, ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì.

Wọ́n wà nídìí fèrèsé. Bàtà kánfáàsì wọn ni wọ́n wọ̀, èyí tí èmi fúnra mi dì sínú páálí lẹ́yìn ìsìnkú. Kẹ́ẹ̀gì méjì wà lórí ojú fèrèsé níwájú wọn. Wọ́n ń da omi láti inú ọ̀kan sínú èkejì, omi náà kò sì dún.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àlàó." Wọn kò wẹ̀yìn. "O pẹ́."

"Ẹ má bínú, mà."

"Ta ló ń bínú? Wá bá mi wo omi yìí. Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀. Orúnkún mi kò dùn mí. "Tọwọ́ ọ̀tún fi díẹ̀ pọ̀ jù," mo ní. Wọ́n da díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo koríko.

"Kí lẹ gbìn síbí?"

"A kò gbin nǹkan kan. Ebè yín ni. Nítorí yín la ṣe fi í sílẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, irú èyí tí wọ́n máa ń rín fún ọmọ tó ń sá fún abẹ́rẹ́. "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi fọ egbò, Àlàó. Egbò tí a kò fọ̀, a kò bọ̀wọ̀ fún un. Ta ló ní kí ẹ fi koríko ṣọ̀fọ̀ mi?"

"Ó ń ṣe mí bíi pé bí a bá ro ó, ẹ ó ti lọ tán."

Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú koríko, wọ́n yà á sí méjì bí ẹni tó ń ya irun ọmọdé. Kùkùté ewúro kan wà nísàlẹ̀, ó rú ewé kan ṣoṣo.

"Mo ti lọ," wọ́n ní. "Èyí ni kò tíì lọ."

Wọ́n na kẹ́ẹ̀gì méjèèjì sí mi. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì láti gbà á.

Bí mo ṣe jí nìyẹn. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣí lórí itan mi. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà lára ògiri, ẹnì kan sì ń gún ata nílé kejì. Mo sunkún díẹ̀, kò pọ̀. Mo wá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo mú ọkọ́ Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀, mo fi òkúta pọ́n ọn.

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Sátidé, àwọn mẹ́fà náà ti wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Kóyèjọ rí ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, ó sì gbàgbé àwàdà tó fẹ́ ṣe. Mo tẹ̀ láti orúnkún. Mo sọ ọkọ́ sílẹ̀, mo mí síta.

"Ọ̀kan," Ìyá Tọ́mi kà lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

Nígbà tí a ka èjì, ọkọ́ méje ló balẹ̀ pọ̀.

Ewúro náà wà níbẹ̀. Kò rí bí ti ojú àlá. Ó gbẹ, kòkòrò sì ti jẹ nínú ewé mélòó kan tó kù lára rẹ̀. Ní aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan dé láti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó rìn yí ká, ó dúró níbi ilẹ̀ tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro.

"Kí ni èyí?"

"Ewúro ni," Kóyèjọ ní. "Kò tíì lágbára, ṣùgbọ́n ó ń mí."

Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ní òun á padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

"Mú ọkọ́ dání nígbà náà," Kóyèjọ ní. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀.

Ó ku omi. Kẹ́ẹ̀gì ti tò sórí ògiri kékeré, gbogbo wa sì dúró. Kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, orúnkún mi dùn mí, títí ojú mi fi ṣe déédéé omi inú kẹ́ẹ̀gì Ìyá Tọ́mi. Tọwọ́ ọ̀tún fi díẹ̀ pọ̀ jù. Mo da díẹ̀ kúrò níbẹ̀ sínú èkejì, mo tún wò ó, mo sì gbé méjèèjì fún un.