Orí Ìkẹyìn Ìwé Bàbá Onírédíò

Ní ọdún yìí nìkan, ayé ti parẹ́ lọ́nà mẹ́tàdínlógún lórí tábìlì mi. Kọ̀ǹpútà ti gbàjọba lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ láti inú ìràwọ̀ kan tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ ti wá kó wa lẹ́rú, wọ́n sì ti dá wa sílẹ̀ lójú ewé tó kẹ́yìn, nítorí pé ọwọ́ ti ń ro òǹkọ̀wé. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ń ṣe àyẹ̀wò ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì fún ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan, kì í sì í ṣe ti àwọn ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńlá o. Ti àwọn tó ń dá ìwé wọn tẹ̀ fúnra wọn ni: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ẹni tó ń ta bàtà, gbogbo ẹni tó bá ṣáà ti rò pé òun mọ ọ̀nà òṣùpá.

Mo ní òfin kan. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ sún mọ́ mi kí n tó kọ àyẹ̀wò. Mi ò kì í gbé fóònù wọn. Lẹ́tà tí wọ́n bá fi há inú ìwé, inú dúrọ́ọ̀ ló ń lọ, ó di ọjọ́ tí àyẹ̀wò bá jáde kí n tó já a. Kí ló fà á? Mo mọ ara mi ni. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi pé ìyá òun ń ṣàìsàn, kíá ni ọwọ́ mi máa ń rọ̀. Olóòtú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Wéréwéré nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, fẹ́ràn òfin yìí débi pé ó ń tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ àyẹ̀wò mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: "Lámèyítọ́ wa kì í mọ òǹkọ̀wé, kì í sì í ka lẹ́tà rẹ̀ kó tó sọ òótọ́." Tí mo bá rí i báyìí, mo máa ń yangàn.

Ìwé Bàbá Onírédíò dé ní ọjọ́ Ajé kan. Ọkùnrin náà ń tún rédíò ṣe ni, ó ti lo ogójì ọdún nídìí ẹ̀, ohun tó sì kọ nípa ara rẹ̀ sẹ́yìn ìwé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìtàn rẹ̀, ọmọbìnrin kan gba iṣẹ́ lọ sí ilé kan tí wọ́n kọ́ sí òkèèrè òfuurufú, níbi tó jẹ́ pé ohùn ènìyàn máa ń lo wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀nà kó tó dé ayé. Láràárọ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń tan rédíò, á kí i, á sì jókòó de ìdáhùn títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ogun níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ gbà mí o, ọjọ́ méjì ni mo fi kà á tán, mo gbàgbé omi tí mo gbé kaná. Nígbà tó yá, ilé òfuurufú yẹn bàjẹ́, ọmọ náà bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan, ó nawọ́ láti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, rédíò bàbá rẹ̀ sì dákẹ́. Ohun tí mo rí lójú ewé tó kẹ́yìn nìyẹn. Páálí ẹ̀yìn ìwé ló kù.

Mo pariwo níbi tí mo jókòó sí. Mi ò dìde tí mo fi kọ àyẹ̀wò náà tán. Mo ní: "Ẹ wo ọkùnrin tó láyà! Òǹkọ̀wé tí kò tó bẹ́ẹ̀ ì bá dá ọmọ yìí padà sílé, ì bá fi omijé àti ìdìmọ́ra ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Bàbá yìí fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó wà." Mi ò yin ènìyàn tó báyìí rí. Wéréwéré bi mí bóyá ara mi dá.

Ìwé ìròyìn jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mo bu omi mu, mo fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo wá já lẹ́tà tí Bàbá fi há inú ìwé rẹ̀.

"Ọ̀gá wa," ó kọ ọ́ báyìí, "mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí. Bí àyè kò bá sí, ẹ jọ̀wọ́, orí kọkànlélọ́gbọ̀n nìkan ni kí ẹ kà, èyí tó kẹ́yìn. Òun ni mo torí ẹ̀ kọ ìyókù. Ọmọ wa obìnrin ń ṣiṣẹ́ rédíò nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù. Ọdún kọkànlá rèé tí wọn ò tíì rí ọkọ̀ náà. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun dá a padà sílé níbì kan."

Mo fa ìwé yọ. Mo ka iye orí tó wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n. Mo tún un kà, ọgbọ̀n náà ni. Mo wá wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi òwú rán an, mo rí i pé òwú tó wà níbẹ̀ ju ìwé tó dì mú lọ. Ẹni tó di ẹ̀dà tèmi ní ilé ìtẹ̀wé kò fi ìdìpọ̀ tó kẹ́yìn sí i, odindi ojú ewé mẹ́rìndínlógún.

Mo pe Wéréwéré. "Ẹ bá mi dá a dúró!"

"Dá kí ni dúró? Ó ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn láti àárọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká tẹ àtúnṣe nígbà náà."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wéréwéré la máa ṣe é."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀! Mo pa fóònù mọ́ ọn létí, mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà. Ìyàwó Bàbá ló gbé e. Mo ní èmi ni lámèyítọ́ yẹn. Kò bú mi, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé wa," ó ní. "Ó ti ka ohun tí ẹ kọ. Ó ń fi abẹ gé ibi tí ọmọ ti wọlé kúrò nínú gbogbo ìwé."

Yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Rédíò kún ara ògiri, àwọn kan wà ní ìhòòhò, wáyà wọn yọ síta. Ó ti ti irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì, ó to ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, èyí tó ti gé àti èyí tí kò tíì gé. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àpótí nílẹ̀, ó ń ṣa ohun tí ọkọ rẹ̀ ń gé, ó ń tò ó sórí itan.

"Ọ̀gá wa, ẹ káàbọ̀!" Bàbá dìde tòun tabẹ lọ́wọ́, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀. "Ẹ ṣé, ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e dé ìdajì."

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ dúró. Àṣìṣe ni mo ṣe." Mo na ìwé tèmi sí i. "Èyí tí wọ́n fún mi kò pé. Mi ò rí orí tó kẹ́yìn. Mo rò pé ibẹ̀ ló parí sí ni."

Ó gbà á, ó fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀. "Òótọ́ ni. Wọn ò dì í pé." Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ ẹ̀ wá rí i pé oore ni wọ́n ṣe fún mi?"

"Oore bíi ti báwo?"

"Nígbà tí ẹ ń kọ ọ́, ẹ ò mọ̀ mí. Ẹ ò tíì ka lẹ́tà mi. Ẹ ò mọ̀ pé mo bímọ. Ohun tí ẹ sì sọ nígbà yẹn ni pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Nísinsìnyí ẹ ti mọ̀ wá, àánú wa sì ń ṣe yín. Èwo nínú méjèèjì ni kí n gbà?"

Òfin tí mo fi ń yangàn káàkiri ló kà sí mi létí yẹn, kò sì sí ibi tí mo lè gbé e gbà. Ta ló rán mi ní irú iṣẹ́ yìí gan-an?

"Àǹtí mi, ẹ má dákẹ́," ìyàwó rẹ̀ ní. "Tiyín ló máa gbọ́. Ọdún méje ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó kọ ibẹ̀ yẹn. Ibo ló tún kù tí ọmọ mi máa gbà wọlé?"

Bàbá wò ó, ó wò mí. Ó mú ìdìpọ̀ kan kúrò lórí itan ìyàwó rẹ̀, ó fà á lé mi lọ́wọ́. "Ó dáa. Ẹ kà á níbí, lójú mi. Bí ẹ bá kà á tán tí ẹ ní ó dára, màá lẹ gbogbo rẹ̀ padà."

Mo jókòó. Mo ti pinnu lọ́kàn mi: kó dára, kó burú, ó dára ni mo máa sọ. Kí ló le níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọkọ̀ ọmọ náà balẹ̀ sí pápá kan. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n tún kí ara wọn. Ìyá bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní rárá, wọ́n mú un lọ sílé, wọ́n gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ, ó sùn. Ó jí, wọ́n kí i kú àárọ̀. Ṣé o sùn dáadáa? Mo sùn dáadáa. Kò sí ìràwọ̀ mọ́, kò sí rédíò mọ́. Ọkùnrin tó kọ ọgbọ̀n orí tó gún régé, ó dé ibi tí ọmọ rẹ̀ ti wọlé, ó sì gbàgbé pé ìwé ni òun ń kọ. Kò dára. Kí n má purọ́ fún yín, kò dára rárá. Omijé sì ń dà lójú mi pòròpòrò, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ká ní mo rí i nínú ìwé nígbà tí mo ń ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni ǹ bá fi ṣe.

Mo gbójú sókè. "Ó dára, Bàbá. Ó dára gan-an ni."

Bàbá ò gbọ́ tẹnu mi. Ojú àti ọwọ́ mi ló ti ń wò látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń wo rédíò tí oníbàárà bá ní òun kọ́ ló bà á jẹ́.

"Ẹ fo ojú ewé méjì," ó ní.

"Omijé ni. Mi ò ríran dáadáa."

"Rárá o, ọ̀gá wa. Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nígbà tí ẹ fò ó." Kò bínú. Àfi bíi pé àánú mi ló ń ṣe é. Ó jókòó, ó fa ìwé mìíràn sọ́dọ̀, ó wá ibi tí abẹ máa gbà.

Ìyàwó rẹ̀ gba ìdìpọ̀ náà lọ́wọ́ mi. "Ibo lẹ fò níbẹ̀?" ó bi mí. Mi ò mọ irọ́ tí mo tún lè pa, mo nawọ́ sí i. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ibi tó ti ń jẹun ni," ó ní. "Èmi ni mo ní kó fi síbẹ̀."